Bọ́ọ̀lù Alámì Pupa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, gọ́ọ̀fù kì í ṣe eré. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi tọ̀ ọ́ ni mò ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin tí orúnkún ń dùn, wọ́n á jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á wọ sòkòtò tí wọ́n lọ̀ tí ìlà rẹ̀ mú bí abẹ, wọ́n á máa fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, wọ́n á sì máa rìn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ihò dé ihò títí oòrùn á fi kàn wọ́n lórí. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ igbó, wọ́n á fajú ro bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wọ ihò, wọn ò ní hó yèè, wọ́n á kàn fọwọ́ kan fìlà. Kí ló wá dùn níbẹ̀? Mo bi ọkọ mi ní ìbéèrè yìí títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Ìyá àwọn ọmọ, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni."

Aṣerunlóge ni mí. Inú ariwo ni mo ti ń jẹun: ariwo ẹ̀rọ ìgbẹrun, ariwo rédíò, ariwo ẹnu àwọn oníbàárà tí wọn kì í sinmi. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ ni ọkọ mi. Kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí ẹ̀rọ awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń lo ọjọ́ rẹ̀, á di ojú kan, á fi ìkejì wo ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn réré. Ojú rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ló dúró ní òdìkejì títì, ó ní pátákó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù mi tẹ̀ sí ọ̀tún. Mo ní kó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára pátákó mi. Kò gbé e kúrò. Èmi ni mo kúkú wá bá a tún pátákó náà kọ́ kó tọ́.

Ojú yẹn ló ń kú lọ.

Dókítà ojú fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀, ó wá ń sún wọn mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa kọ́tìnnì. Ó ní ibi tó ti kú ti kú ná, oògùn tí a ó máa kán sí i kàn lè mú kí èyí tó kù pẹ́ díẹ̀ ni. Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi ò sunkún. Ó ní, "Dókítà, ṣé mo ṣì lè máa gbá gọ́ọ̀fù?" Dókítà rò pé àwàdà ló ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Inú mọ́tò ni ọkọ mi ti ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi nínú pápá yẹn, ọjọ́ yẹn ni mo gbá àgbákẹ́yìn," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n kí ojú yìí tó kú tán, mo fẹ́ gba ife àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ kí bọ́ọ̀lù mi wọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Tèmi, tí èmi fúnra mi gbá."

"Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wàhálà yìí?"

"Bọ́ọ̀lù ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún yín. Ẹgbẹ́ tí ọkọ mi wà, ẹgbẹ́ àtijọ́ ni. Ògiri gíga ló yí i ká, ẹni tí wọn ò bá mọ bàbá rẹ̀ kì í rọrùn kó wọ ibẹ̀. Tí ẹ bá wọ inú gbọ̀ngàn wọn, òórùn ìpara tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ onípákó àti ti awọ àga tó ti gbó ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Àwòrán àwọn olórí ẹgbẹ́ tó ti kú wà lára ògiri, gbogbo wọn dijú mágbárí bí ẹni tí a jí lójú oorun. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí obìnrin kì í wọ̀. Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àga àtijọ́ àti bàbá arúgbó kan tó ń sùn, tó la ẹnu sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún wa nìyẹn!

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá yẹn ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì náà wà. Ọdọọdún ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń gbá fún ife kan. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ló gba ife, bọ́ọ̀lù tó fi parí rẹ̀ á sì wọ inú gíláàsì, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí ara irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ rẹ̀. Ife yẹn máa ń padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù kì í padà.

Wọ́n sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ènìyàn bá parí ihò tó kẹ́yìn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ihò, yóò gbé e sókè, yóò sì wí i kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé, "Tèmi ni." Ó tán. Kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tẹlòmíràn, tí kò lè wí i, gbogbo ohun tó gbá láti òwúrọ̀ ti di òfo. Ọkọ mi fẹ́ràn àṣà yẹn. Ó ní ayé ì bá dára tí gbogbo nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni èmi aṣerunlóge ṣe di ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ àpò kiri pápá. A parọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé wọ́n ní kí n máa rìn. Èmi tí ara mi le koko! Mo máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá rọra sọ fún un pé, "Àsíá wà níwájú yín gan-an. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti ọ̀tún. Kòtò oníyanrìn wà lósì, ẹ ṣọ́ ọ." Yóò mi orí, yóò tún ẹsẹ̀ tò, yóò sì gbá a. Ara rẹ̀ ṣì mọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ ti gbàgbé. Mo máa ń wo èjìká rẹ̀ bó ṣe ń yí, màá sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ló gbé mi débẹ̀.

Èmi náà ni mo ronú kan ọ̀dà èékánná. Funfun ni bọ́ọ̀lù gbogbo wọn, nítorí náà mo mú ọ̀dà pupa láti ṣọ́ọ̀bù, mo kán ẹyọ kan sí ara bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ojú lè tètè rí i nínú koríko. Inú rẹ̀ dùn. "Alámì pupa," ó máa ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, pupa náà kú lójú rẹ̀, gbogbo àwọ̀ di eérú. Ó ń rí bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan wà nínú èéfín. Tó bá ti kọjá ìyẹn, àwa la máa bá a wá a.

Àwa tí mo wí yìí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbá pọ̀ kí irun orí wọn tó funfun. Ọ̀kan, eyín ló ń tọ́jú fún aráàlú, Eléyín ni gbogbo wa ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá nítorí pé ẹnu àwọn ẹlòmíràn ló ń wò látàárọ̀. Ìkejì ni Lọ́yà, ènìyàn gíga, tó lẹ́nu, tó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n bá òun wá irun sí orí òun tó pá.

Wọ́n ti mọ̀. Ẹ gbọ́ mi o jàre, àwọn tí a ń fi pamọ́ fún ti mọ̀!

Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù ọkọ mi wọ ìdí igbó kan. Mo ń fi ọ̀pá tú ewé, bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí Eléyín tó ti ọwọ́ bọ àpò, tó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù funfun kan yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ sòkòtò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wá kígbe pé, "Awọnlẹ̀! Òun nìyí o! Ibi tó dára ló bọ́ sí." Mo wò ó, ó wò mí. Ó fi ìka lé ètè.

Ara mi gbóná. Bí a ṣe parí, mo fa àwọn méjèèjì sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Mo ní, "Kí lẹ ń ṣe fún ọkọ mi yẹn? Ṣé ọmọdé ni?"

Lọ́yà ló dáhùn. Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀. Ó wọ gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó sì kí igi tí wọ́n ń fi ẹ̀wù kọ́. Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, sà, ilé ń kọ́?' Ó dúró kí igi dáhùn."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo sì ṣe méjèèjì.

"Tí a bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sọnù bó ṣe ń sọnù," Eléyín ní, "kò ní í parí ihò márùn-ún. Á fi í sílẹ̀. Tó bá fi í sílẹ̀, ẹ sọ ohun tó kù fún un."

Ọjọ́ náà ni ọkọ mi kọrin nínú mọ́tò títí a fi délé. Ọkùnrin tí kì í kọrin! Ó ń lu orúnkún ara rẹ̀, ó ń sọ fún mi bí òun ṣe yọ bọ́ọ̀lù nínú igbó yẹn bó ti yẹ. Nígbà tó délé, ó yọ bọ́ọ̀lù náà nínú àpò, ó jù ú sínú abọ́ gíláàsì tó wà lórí tábìlì yàrá wa, níbi tó máa ń kó bọ́ọ̀lù tó bá fi parí sí. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń nu tábìlì yẹn, ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà ni mo máa ń nù, mi kì í wo inú rẹ̀.

Ọjọ́ ife pé. Ojú ọ̀run ṣú, kò rọ̀, kò sì là. Ọkọ mi ti wọṣọ kí n tó jí. Ó jókòó ní etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ní kí n wò ó bóyá bọ́tìnnì òun ṣe déédéé. Ọ̀kan ti fo ihò. Mo tún un dè, mi ò sọ fún un.

Ní pápá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá Lọ́yà níbi tó ti ń di okùn bàtà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é lónìí. Ẹ jẹ́ kó gbá tirẹ̀."

"Tí bọ́ọ̀lù bá sọnù ńkọ́?"

"Kó sọnù."

Ó wò mí lọ wò mí bọ̀. Ó ní, "Ó dáa, ìyàwó wa. A gbọ́."

Ọkọ mi sì gbá a o! Háà. Mi ò mọ nǹkan púpọ̀ nípa eré yẹn, ṣùgbọ́n ènìyàn mọ ìgbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé. Gbogbo ibi tí mo bá júwe ló ń kọjú sí. Bọ́ọ̀lù ń fò lọ tààrà, ó ń balẹ̀ sáàárín koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, mo sì ń rí àmì pupa mi tó ń yọ sí mi láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbà tó ń gbá níwájú ti parí, ìròyìn sì ti kàn wá pé kò sí èyí tó gbá a tó tirẹ̀ nínú wọn. Ó ku Lọ́yà àti Eléyín. Eléyín ti jìn sẹ́yìn. Lọ́yà ń lé e. Mo ń fi gbogbo ara wo Lọ́yà bóyá ó ń fi ife sílẹ̀ fún un, kò fi í sílẹ̀. Ó ń gbá bí ẹni tó fẹ́ gbà á. Inú mi dùn sí i fún ìyẹn.

"Ìyá àwọn ọmọ," ọkọ mi rọra sọ bí a ṣe ń rìn, "ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ẹ ṣáà máa gbá a."

"Ó ń lọ, àbí?"

"Ó ń lọ dáadáa."

Ihò tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ló ba nǹkan jẹ́. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tí koríko gíga pọ̀ létí rẹ̀. Mo júwe ọ̀nà fún un. Bó ṣe gbé ọ̀pá sókè, atẹ́gùn yí padà, mo rí i lára àsíá, mo fẹ́ kígbe, ó ti gbá a. Bọ́ọ̀lù yà kúrò lọ́nà, ó wọ koríko etí omi. Mi ò gbọ́ kó dún nínú omi. Mi ò sì rí ibi tó balẹ̀ sí.

"Ó dáa?" ó bi mí.

"Ó wà létí omi," mo ní. "A máa rí i."

A wá a. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ ẹrẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ya koríko bí mo ṣe máa ń ya irun, mo ń wá pupa. Pupa dà? Òfin wọn ni pé tí wọ́n bá wá a títí tí wọn ò rí i, onítọ̀hún á padà sẹ́yìn lọ gbá òmíràn, wọ́n á sì ka ìgbá kan kún un fún ìyà. Tí ọkọ mi bá jẹ ìyà yẹn, Lọ́yà ti kọjá rẹ̀ nìyẹn. Ife ti lọ. Ọdún tó ń bọ̀, dókítà ojú ti sọ fún wa ohun tí ọdún tó ń bọ̀ máa jẹ́.

Ọkọ mi dúró lókè, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ó yí ojú sí ibi tí ó rò pé a wà. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ìgbà ìsìnkú ìyá rẹ̀ nìkan ni mo rí ẹnu yẹn rí bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́yà gbórí sókè láti inú koríko, ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò sòkòtò rẹ̀. Òun gan-an ni ife yẹn máa bọ́ sí lọ́wọ́ tó bá dákẹ́. Kò dákẹ́ o. Ó ń fi ojú bi mí léèrè.

Mo mi orí fún un pé kó ṣe é.

"Mo ti rí i!" Lọ́yà kígbe. "Awọnlẹ̀, orí rẹ mà dára o! Omi kù díẹ̀ kó gbé e."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín sókè, ohùn rẹ̀ kọjá lórí omi yẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, mo di ìgúnpá rẹ̀ mú, ó gbá a jáde nínú koríko lọ sí ẹ̀bá àsíá. Ìgbá tó dára ni. Tirẹ̀ nìyẹn o, kò sẹ́ni tó bá a gbá a.

Nígbà tí a máa fi dé ihò tó kẹ́yìn, àwọn ará ẹgbẹ́ ti jáde láti inú gbọ̀ngàn, wọ́n to ara wọn yí koríko ká, wọ́n gbé ife tíì lọ́wọ́. Lọ́yà gbá tirẹ̀ wọlé. Ó wá ku ọkọ mi. Mo dúró lẹ́yìn ihò, mo mi àsíá díẹ̀ kó lè gbọ́ ibi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra ti bọ́ọ̀lù. Ó yí lọ, ó yí lọ, ó wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Àwọn tí kì í hó yèè wọ̀nyí pàtẹ́wọ́, Eléyín sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ọkọ mi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹsẹ̀ wá ihò, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ bọ́ọ̀lù náà. Ọjọ́ mìíràn, ojú ẹsẹ̀ ló máa ń gbé e sókè, tó máa ń wí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó máa ń jù ú sápò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ife ni, olórí ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀ kó tó wí i. Olórí ẹgbẹ́ yẹn ti dàgbà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹsẹ̀ kan lónìí, ẹsẹ̀ kan lọ́la. Gbogbo ènìyàn dúró dè é. Ọkọ mi náà dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń fi àtàǹpàkò yí bọ́ọ̀lù náà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Mo rí àtàǹpàkò yẹn. Ó yí i sí ìhín, ó yí i sí ọ̀hún. Ọ̀dà èékánná tó bá gbẹ máa ń wú díẹ̀, ènìyàn lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mo ń gbàdúrà kí olórí ẹgbẹ́ yẹn tètè dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ gbé e pọ̀n. Ọkọ mi tún yí bọ́ọ̀lù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Olórí ẹgbẹ́ dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Awọnlẹ̀, ẹ kú oríire. Ti ta ni?"

Ìdákẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ló bo gbogbo ibẹ̀.

"Kì í ṣe tèmi," ọkọ mi wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ní, "Gbogbo wa la rí i tí ẹ gbá a wọ ihò."

"Ẹ rí i. Èmi ò rí i." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. "Ìyàwó mi máa ń kán ọ̀dà sí tèmi. Ó máa ń wú. Èyí dán. Ẹ má bínú sí mi, ojú mi ti lọ, ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti lọ. Lọ́yà ni ẹ fún ní ife yẹn."

Ó yíjú sí ibi tó rò pé Lọ́yà dúró sí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. "Ẹ ṣé," ó sọ fún atẹ́gùn. "Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni." Ó na ọwọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ náà dúró lófuurufú títí Eléyín fi sáré wá gbà á. Lọ́yà ò lè sáré. Ó ti jókòó sílẹ̀ lórí koríko, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó fi fìlà bo ojú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kó máa wò. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú, mo fi ọwọ́ kejì fa kẹ̀kẹ́ àpò, a rìn gba àárín wọn kọjá.

Èmi ni mo wa mọ́tò. Ojú ọ̀nà ló ti bi mí.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Gbogbo ìgbà?"

"Ọ̀pọ̀ ìgbà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo rí i tí inú yín ń dùn." Mo ń retí kó bú mi. Mo ní kó bú mi. Ó kọ ojú sí fèrèsé bí ẹni tó ń wo títì.

Nígbà tí a délé, ó ní òun fẹ́ wẹ̀. Kó tó wọ ilé ìwẹ̀, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Abọ́ mi yẹn," ó ní, "má gbé e kúrò níbẹ̀. Mo fẹ́ wá èyí tó jẹ́ tèmi nínú wọn. Ọ̀kan ṣáà máa wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré ti tó mi."

Mo gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo sáré wọ yàrá, mo wo inú abọ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Funfun. Mo tú u, mo yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Funfun, funfun, funfun. Gbogbo pupa mi ló ti wà nínú igbó àti nínú omi. Láti ìgbà tí mo ti ń kun bọ́ọ̀lù fún ọkùnrin yìí, kò sí ẹyọ kan tó bá a dé ihò tó kẹ́yìn.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Àwọn alámì tó kù ṣì wà nínú àpò gọ́ọ̀fù nínú mọ́tò, omi á ti dá kí n tó lọ kí n tó bọ̀. Mo fa àpò iṣẹ́ mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí ìdérí ìgò ọ̀dà pupa yẹn. Mo mú bọ́ọ̀lù tó dà bíi pé ó gbó jù, mo kán ẹyọ kan sí i. Mo fẹ́ ẹ. Mo gbé e sábẹ́ fáànù, mo fi aṣọ ìnura fẹ́ ẹ, mo tún fi ẹnu fẹ́ ẹ títí òòyì fi ń kọ́ mi. Mo gbọ́ tí omi dá. Mo rọra gbé e sáàárín àwọn tó kù, mo kó ìgò sínú àpò, mo ti àpò padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó jáde wá, ó ró aṣọ ìnura, ó fọwọ́ tọ ògiri wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé abọ́ náà lé e lórí ẹsẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò yí i ká, ó gbé e sílẹ̀ lórí ìbora. Ó mú òmíràn, ó yí i ká, ó gbé e sílẹ̀. Kò yára, kò sì bínú. Bó ṣe ń yẹ ilẹ̀ wò látijọ́ nìyẹn, kò ní í fo ibì kankan. Èmi jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ọn.

Ó mú un.

Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ tàn, mo fi Ọlọ́run búra, ojú rẹ̀ tàn yòò bí ojú ọmọdé. "Háà," ó ní. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín." Mo ti fẹ́ gbá a mọ́ra. Ló bá fi àtàǹpàkò kan ìka ìlábẹ̀, ó ń fi wọ́n pa ara wọn. Ó gbé wọn sí imú.

Jẹ́jẹ́ ló sọ̀rọ̀, bí ìgbà tó máa ń sọ fún mi pé òjò fẹ́ rọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "kò tíì gbẹ."

Ó gbé e sílẹ̀ lórí ìbora pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì na ọwọ́ sínú abọ́, ó ń wá èyí tó kù.